Àmín Tí Moyin Gbé Mì

Moyin kò kánjú. Ó ń ka Sáàmù ìsìn àárọ̀ tésàn bí ẹni tó ń já ewé gbúre, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tí kò fẹ́ kí ìkankan bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí Dáfídì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀nà àwọn tó ń lépa ẹ̀mí òun ṣókùnkùn, kó sì máa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó gbójú kúrò nínú Bíbélì, ó wo Ọ̀gá Bọ́lárìnwá lójú kòrókòró, ó sì tún ẹsẹ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Pius awakọ̀, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìlà, fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Ó tó!" ni Ọ̀gá Bọ́lárìnwá wí. "Moyinolúwa, ó tó. Ṣé Sáàmù mìíràn kò sí nínú Bíbélì tìrẹ ni? Láti ọjọ́ Ajé, ọ̀tá lónìí, ọ̀tá lọ́la. Èwo ni ti eyín tí wọ́n ń fọ́? Èwo ni ti ọ̀nà tó ń yọ̀? Ṣé ogun la fẹ́ lọ jà níbí ni?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, sà," ni Moyin dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́! Mo ní kí o pa Bíbélì dé."

Moyin pa Bíbélì dé. Ọ̀gá gbàdúrà ṣókí, wọ́n ṣe Oore-ọ̀fẹ́, wọ́n sì tú ká. Ọ̀gá yí padà, ó ń fi ìbínú lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì sórí fàráńdà tó fi yọ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́. Fìlà rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, bàtà kan lọ sósì, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ gbì.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló da omi síbí?" ni ó pariwo.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, sà," ni Moyin wí, ó sì kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fọ fàráńdà kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ kú ewu."

Ní ọjọ́ náà ni Ọ̀gá gba Bíbélì kíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Adóòlà Ojú Pópó ni wọ́n ń pè wọ́n. Tésàn wọn wà lẹ́yìn Àrámọkọ, níbi tí ọ̀nà ti ń palẹ̀mọ́ láti gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé bí búrèkì ọkọ̀ bá já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí yóò dúró sí. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sáré débẹ̀, kí wọ́n fa èèyàn yọ láàyè, kí wọ́n sì gbé e dé ọsibítù. Moyin nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ní Adó ló ti kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tí í gé irin, èyí tí wọ́n fi ń ya ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ti rún mọ́ èèyàn lára. Àwọn ọkùnrin tésàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Àlùmọ́gàjí, bó bá sì ti fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn fún un.

Nígbà tí Ọ̀gá Bọ́lárìnwá dé bí ọ̀gá tuntun, "ọmọ mi" ló kọ́kọ́ ń pè é. Ẹni iyì ni. Wọ́dìn ìjọ ni, òun ló ń gbé ọ̀pá níwájú bíṣọ́ọ̀bù bí bíṣọ́ọ̀bù bá wá sí ìlú. Nígbà tó yá, bí kò bá ti sí ẹnìkan nítòsí, "ọmọ mi" di "olólùfẹ́ mi." Lẹ́yìn náà, ó ní kí Moyin bá òun lọ sí Ìkọgòsì, pé ìpàdé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n á sun síbẹ̀. Moyin béèrè àwọn tó ń bọ̀ ní ìpàdé náà.

"Èmi," ni Ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "ìwọ, àti omi gbígbóná."

Moyin ní òun kò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá tì í mọ́ ògiri nínú yàrá tí wọ́n ń kó okùn àti bàtà iṣẹ́ sí. Moyin fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un láyà, ó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn àgbà iṣẹ́ wọn ní Adó. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá. Bí ẹjọ́ náà ṣe lọ ló ṣe padà, bí ewúrẹ́ tó mọ ilé olówó rẹ̀. Ọ̀gá Bọ́lárìnwá pè é wọ ọ́fíìsì, ó fi ìwé ẹjọ́ náà hàn án, ó sì rọra ní, "Obìnrin tó bá fẹ́ràn ẹjọ́, kó máa bá ìgbálẹ̀ ṣẹjọ́."

Láti ìgbà náà ni Moyin ti ń fọ ilé ìgbẹ́ tésàn, tó ń se oúnjẹ ọ̀sán, tó ń fọ fàráńdà. Wọ́n gba bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní obìnrin kì í gun ọkọ̀ ìdóòlà mọ́. Bíbélì kíkà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, nítorí Ọ̀gá ní ohùn obìnrin dùn létí láàárọ̀. Ó ṣe bíi pé ó fún un ní egungun. Kò mọ̀ pé egungun náà mú.

Gbogbo èyí ni Moyin ìbá fara dà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Faith ni kò lè fara dà.

Tísà ni Ìyá Faith, ará Odò-Ọwá. Ọkọ̀ tó gbé e láti Ẹ̀fọ̀n sáré wọ abẹ́ tírélà ní kọ́nà, irin sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ inú ọkọ̀. Nígbà tí ìpè wọlé, Moyin ju ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó sáré, ó ti gun ọkọ̀ ìdóòlà tán nígbà tí Ọ̀gá Bọ́lárìnwá fi bẹ́líìtì ìdí rẹ̀ fà á bọ́ sílẹ̀.

"Mo ní kí o má gun ọkọ̀ mi mọ́. Daniel, wọlé!"

"Ọ̀gá, Daniel ò mọ ẹ̀rọ náà lò! Ẹ jẹ́ kí n lọ, ẹ bá mi wí bí mo bá dé."

"Pius, wakọ̀!"

Pius wakọ̀. Daniel, tó wọ ọkọ̀ nípò Moyin, fa okùn ẹ̀rọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ẹ̀rọ kò dáhùn. Kí wọ́n tó rí wẹ́dà mú wá láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀mí ti bọ́ lára obìnrin náà. Pius ló sọ fún Moyin lọ́jọ́ kejì, tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀: "Obìnrin náà ń bá wa sọ̀rọ̀ o, Àlùmọ́gàjí. Ó ń bi wá pé ta ló máa lọ mú Faith ní ilé ìwé."

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá lọ kí ọkọ Ìyá Faith ní Odò-Ọwá pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Ó ní obìnrin tó mọ ẹ̀rọ náà lò wà ní tésàn, ṣùgbọ́n pé ó kọ̀, ó ní òun kò lọ, nítorí ó ń bá òun ọ̀gá rẹ̀ jà. Ohun kan náà ló sọ fún àwọn ará Adó. Àwọn ará Adó sì ní àwọn ń bọ̀ wádìí rẹ̀. Bí wọ́n bá gba Ọ̀gá gbọ́, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni yóò bọ́ lọ́wọ́ Moyin. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Faith yóò máa tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ kiri títí ayé. Àwọn tó mọ òtítọ́ ní tésàn kò sì la ẹnu.

Ìdí nìyẹn tí Moyin fi yan àwọn Sáàmù wọ̀nyẹn. Ó fẹ́ kí ẹnìkan gbẹ̀san. Bí àwọn àgbà Adó kò bá ní gbẹ̀san, bóyá Dáfídì á gbẹ̀san.

"Wọ́n ti gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, Màámi," ni ó sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ọ̀gá ṣubú lórí fàráńdà, nígbà tí ọ̀kadà já a sílẹ̀ nílé wọn ní Ìpotì.

Ìyá rẹ̀ ń yí kòkó lórí ẹní lójúde. Opó ni, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì láti kékeré, kò sì sí ìpàdé òkè àdúrà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ̀. "Ta ló wá ń ṣe àdúrà?"

"Òun fúnra rẹ̀. Á kàwé, á kọrin, á gbàdúrà. Lónìí, ó ní kí Ọlọ́run gbá gbogbo ọ̀tá tésàn dànù bí èérí. Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Mo ṣe àmín. Gbogbo wa la ṣe àmín."

Ìyá rẹ̀ dá ọwọ́ dúró lórí kòkó. "Moyin! Ẹni tó bú ọ, ìwọ lo tún ń bá a fi òǹtẹ̀ lù ú? O ń ṣe àmín sí ikú ara rẹ?"

"Kí n wá ṣe báwo? Wọ́n á ní n kò bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í fi tipátipá gba àmín lọ́wọ́ ẹnìkan. Wọlé, ọmọ mi. Uṣu wà nínú ìkòkò ní inú ulé, ó ṣì gbóná."

Moyin jẹ iṣu náà, ṣùgbọ́n kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń ronú. Wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, wọ́n gba bàtà, wọ́n gba ẹ̀rọ, wọ́n gba Bíbélì. Ẹnu òun ṣì wà lára òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Bọ́lárìnwá gbàdúrà gígùn. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìlú, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà, ó wá dé orí àwọn tó ń ṣọ̀tẹ̀ sí aláṣẹ. "Ní orúkọ Jésù!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí.

Moyin la ojú sílẹ̀, ó gbé àmín tirẹ̀ mì. Ní tésàn yẹn, àmín Moyin ni í máa ń dún ju ti gbogbo wọn lọ, torí náà nígbà tí kò dún, ó dà bí ìgbà tí eyín bá bọ́ lẹ́nu èèyàn. Gbogbo wọn gbọ́ àlàfo rẹ̀.

Ọ̀gá la ojú. "Moyinolúwa, ṣé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, sà. Ara mi le."

"N kò gbọ́ àmín rẹ."

"Àdúrà náà ló tóbi jù mí lọ, sà. Mo ní kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà."

Pius tún wúkọ́. Ta ni í fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí àmín? Ọ̀gá ní kó lọ tún ilé ìgbẹ́ fọ̀, Moyin sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, kò ṣe àmín. Lọ́jọ́ kẹta, kò ṣe é. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún. Á sọ gbólóhùn kan, á yọjú wo Moyin, á gbàgbé èyí tó kàn. Ní ọjọ́ kan, ó bẹ Ọlọ́run fún òjò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ pé òjò ló ń rọ̀.

Inú Moyin dùn. Kò parọ́ fún Ọlọ́run nípa rẹ̀. Nígbà tó bá kúnlẹ̀ lálẹ́, ó máa ń sọ pé, "Baba, ó ń dùn mọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, dárí rẹ̀ jì mí, ṣùgbọ́n má tíì gbà á lọ́wọ́ mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó bá Pius lẹ́yìn tésàn, níbi tó ti ń fọ ọkọ̀.

"Bọ̀dá Pius, àwọn ará Adó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Pius fi kànrìnkàn gbo ibi kan náà títí. "Àlùmọ́gàjí, èmi ọmọ Àgùdà ni mí. Àwa, bí a bá ti jẹ́wọ́ fún fadá, ó tán. Mo ti jẹ́wọ́ fún fadá."

"Fadá kọ́ ni wọ́n fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́."

"Ọmọ mi wà ní yunifásítì. Ọkùnrin yìí ló máa buwọ́ lu ìgbéga mi. Má bínú sí mi."

"Mo ń bínú sí yín," ni Moyin wí. "Ẹ má wá ohun tí ẹ máa fi tù mí nínú. Mo ń bínú sí yín gan-an."

Bó ṣe ń kọjá lọ, Ọ̀gá Bọ́lárìnwá wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Ó pè é. Kò pariwo, ẹ̀rín ló ń rín. "Lọ́jọ́ Ajé, mo máa gba àdúrà kan níwájú àwọn ará Adó. Gbogbo èèyàn á gbọ́ bóyá o ṣe àmín sí i tàbí o kò ṣe é. Lọ sinmi dáadáa, olólùfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan ló ṣáájú àwọn tó ti Adó wá. Màdáàmù Rebecca ni orúkọ rẹ̀, obìnrin sísanra tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í fajú ro. Ó ní kí wọ́n máa ṣe ìsìn àárọ̀ wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, àwọn á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá jáde pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ dán. Ó kọrin, wọ́n bá a kọ ọ́. Ó ka Bíbélì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n bí ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún.

"Baba, ìwọ tí í rí ìkọ̀kọ̀! Ìwọ lo mọ bí ọmọ rẹ obìnrin ṣe kú ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ẹnikẹ́ni nínú àwa tó dúró yìí, tó mọ òtítọ́ ikú náà tó sì fi bò, tàbí tó parọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nítorí rẹ̀, Baba, má ṣe jẹ́ kó lọ láìjìyà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó bọ́. Ìtìjú, kó wọ̀ ọ́ láṣọ. Kí ọ̀rọ̀ náà wọ ilé rẹ̀, kó dé orí ọmọ rẹ̀. Ní orúkọ Jésù!"

Ó la ojú kan, ó fi ṣọ́ Moyin. Ìdẹkùn tó dẹ nìyẹn. Bí obìnrin yìí bá tún gbé àmín mì lónìí, kí ni àwọn ará Adó tún ń wá? Ẹni tó ń bẹ̀rù èpè ni ó mọ ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ọ̀gá kò rò. Ó rò nípa Moyin títí, kò rántí àwọn yòókù. Daniel wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Pius rí ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀ gedegbe, pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé: Èmi ni mo mọ̀. Èmi ni mo fi bò. Láti òpin ìlà dé òpin ìlà, kò sí ẹni tó la ètè.

"Àmíín!"

Moyin nìkan ni. Kò tíì ṣe àmín bẹ́ẹ̀ rí ní ayé rẹ̀. Gbogbo àmín tó ti gbé mì láti ọjọ́ wọ̀nyí wá ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún dé títì, ọlọ́kadà kan tó ń kọjá sì bá a ṣe é láìmọ ohun tó ń ṣe àmín sí. "Àmín! Àmín ní orúkọ Jésù! Kó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Baba, má yọ ìkankan kúrò níbẹ̀!"

Ọwọ́ Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ṣì wà lókè. Ó dà bí ẹni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Màdáàmù Rebecca wo Moyin, ó wo ìlà àwọn ọkùnrin náà láti orí dé ìdí. "Ó mà ga o," ni ó wí. "Àdúrà bí èyí, ẹnìkan ṣoṣo ló ṣe àmín. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́? Ẹ kò fẹ́ kí òtítọ́ jáde?"

Ó tọ́ka sí Pius.

"Awakọ̀. Ìwọ lo wà níwájú. Ṣe àmín kí n gbọ́."

Pius bọ́ fìlà rẹ̀. "Màdáàmù, mo ní ọmọ."

"Gbogbo wa la ní ọmọ."

"Mi ò lè ṣe é." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, àgbà ọkùnrin. "Kò kọ̀. Moyin kò kọ̀ láti lọ. Ó ti wà nínú ọkọ̀. Ọ̀gá ló fi bẹ́líìtì fà á bọ́ sílẹ̀, lójú mi, lójú Daniel, lójú gbogbo wa."

"Irọ́!" ni Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ké. "Wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀!"

"Daniel?" ni Màdáàmù Rebecca wí.

Daniel na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọgbẹ́ okùn ẹ̀rọ náà kò sì tíì jinná tán níbẹ̀. "Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n lò, mà," ni ó wí. "Mo sọ fún wọn."

Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Ọ̀gá Bọ́lárìnwá, wọ́n ní kó lọ dúró sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Adó, lórí ti Ìyá Faith àti lórí ohun tó ṣe sí Moyin ní yàrá bàtà náà pẹ̀lú. Wọ́n dá bàtà iṣẹ́ Moyin padà fún un. Pius fẹ́ bá a so okùn rẹ̀, Moyin ní òun lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wọn ní Ìpotì. Àlùfáà ìjọ Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ìyàwó Ọ̀gá tẹ̀lé e, pẹ̀lú gèlè tí kò wé dáadáa. Kí Màámi tó gbé omi wá, obìnrin náà ti kúnlẹ̀ níwájú Moyin.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ̀yin bí mi lọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mi ò dìde. Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Mo mọ bó ṣe ń ṣe. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́." Ó ń nu imú. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé e, kí la máa jẹ? Ojú wo la máa fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Moyin gbé e dìde, ó fi í jókòó sórí àga. Àánú obìnrin náà ṣe é dé inú egungun.

Àlùfáà tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. "Moyinolúwa, ohun tí a wá bẹ̀ kò pọ̀. Sọ fún àwọn ará Adó pé o ti dárí jì í. Wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn, á fẹ̀yìn tì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìwọ ọmọ Ọlọ́run ni. O mọ̀ pé ti Olúwa ni ẹ̀san."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n Olúwa a máa rán èèyàn níṣẹ́." Moyin jókòó kọjú sí wọn. "Èyí tó ṣe sí mi, bóyá mo máa dárí rẹ̀ jì í lọ́jọ́ kan. Mo ń gbàdúrà sí i, kò tíì ṣeé ṣe. Ṣé ó ti lọ sí Odò-Ọwá?"

"Odò-Ọwá?"

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Faith. Òun ló lọ sọ fún un pé èmi ni mo kọ̀. Títí di òní, bí ọkùnrin náà bá gbọ́ orúkọ mi, á tutọ́ sílẹ̀. Kí Ọ̀gá lọ dúró lójúde kan náà, kó sọ ohun tó ṣe. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá bá a bẹ àwọn ará Adó."

Ìyàwó Ọ̀gá gbé orí sókè. "Bó bá sọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí kóòtù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n á tì í mọ́lé!"

"Ó ṣeé ṣe, mà."

Àlùfáà wo Màámi, bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àgbà bíi tirẹ̀. Màámi gbé omi síwájú wọn. "Ẹ mumi," ni ó wí. "Ọ̀nà jìn."

Wọ́n mumi, wọ́n sì lọ. Nígbà tí eruku ọkọ̀ wọn rọlẹ̀, Moyin wọ yàrá, ó pààrọ̀ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́, ó wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀ le.

"Ọ̀gá kò ní lọ sí Odò-Ọwá láéláé, èmi ni màá lọ," ni ó sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n lè lù ọ́ níbẹ̀, Moyin. Ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn."

"Mo mọ̀, Màámi."

Ọ̀kadà gbé e dé Odò-Ọwá nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Kò pẹ́ tó fi rí ilé náà. Ọkùnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń fọ yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ọmọdé nínú báṣíà, ọṣẹ sì pọ̀ jù nínú omi náà. Ó rí aṣọ tó wọ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ káalẹ́, sà," ni Moyin wí, ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn. "Moyinolúwa ni orúkọ mi."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró nínú omi.

"Èmi ni wọ́n ní mi ò wá. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ti wà nínú ọkọ̀, àti ẹni tó fà mí bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tán, tí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Bó bá sì jẹ́ kóòtù lẹ fẹ́ gbà lọ, sà, èmi ni ẹlẹ́rìí yín."

Bàbá Faith yọ ọwọ́ nínú omi. Ó fi ṣòkòtò rẹ̀ nu ún, ó rọra nu ún, ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ohun tó máa fi ọwọ́ náà ṣe. Lẹ́yìn náà ó yíjú sínú ilé.

"Faith," ni ó pè. "Gbé àga kan síta fún wa."